Ìjìnnà, Àkókò àti Aago: Ìṣirò Ìrìn-àjò Òfurufú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù àti New York fún Olùkọ́ Àgbègbè Àgbówà

Àṣamọ̀

Ìjìnnà àti àkókò jẹ́ kókó méjì tí ó máa ń dàrú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, pàápàá nígbà tí ìrìn-àjò bá ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Àpilẹ̀kọ yìí fi ìrìn-àjò òfurufú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù àti láti Èkó sí New York ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé aago ara ògiri pápákọ̀ òfurufú nìkan kò lè sọ iye wákàtí tí ọkọ̀ lò lójú òfurufú, àti pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ aago ìlú méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó ṣe ìyọkúrò ni yóò rí ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Ohun tí ọmọ Àgbówà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀nà mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi ni ìpìlẹ̀ tí àlàyé náà dúró lé.

1.0 Ìfáàrà

Kí olùkọ́ kan kọ ìbéèrè yìí sára pátákó: Ọkọ̀ òfurufú méjì gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Ọ̀kan ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ń lọ sí New York. Nígbà tí ti Lọ́ńdọ̀nù balẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni aago Lọ́ńdọ̀nù wí. Nígbà tí ti New York balẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni aago New York náà wí. Èwo nínú ìlú méjèèjì ni ó jìnnà sí Èkó jù?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fura yóò yọ 10:00 kúrò nínú 15:30, yóò rí wákàtí márùn-ún ààbọ̀ fún ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, yóò sì dáhùn pé ọgbọọgba ni ìlú méjèèjì ṣe jìnnà sí Èkó. Ìyọkúrò rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà. Ibi tí ewu wà nìyí. Olùkọ́ tí kò bá mọ orísun àṣìṣe náà yóò kàn fi bírò pupa fa igi sí i, ọmọ yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun kò mọ ìyọkúrò, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun mìíràn pátápátá ni kò tíì yé e.

Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì yè é yékéyéké. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn olùkọ́ ni láti wá àlàyé tí ó mọ́lẹ̀ fún kókó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀.

2.0 Ohun tí Ọmọ Àgbówà ti Mọ̀ kí Ó tó Dé Kíláàsì

Àárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni Àgbówà wà, kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Àgbówà dé Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ìrìn náà kò tó 50 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò yóò gba Ìkòròdú, yóò kọjá ní Mile 12, Kétu àti Ọjọ́ta kí ó tó yà sí Ìkẹjà. Ọ̀nà mọ́tò a máa yí, a sì máa wọ́. Nítorí náà, ó gùn ju ìlà tààrà lọ.

Àkókò tí ìrìn náà ń gbà kò dúró sójú kan. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ lè tètè débẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ́ sílẹ̀, ìrìn kan náà lè gba wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà kò gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni Ìkẹjà kò ṣí kúrò níbi tí ó wà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀: àkókò ni òwe yìí bá wí nínú ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, kò bá ìjìnnà wí.

Ọmọ Àgbówà tún ní ìmọ̀ omi. Nítòsí rẹ̀ ni Ejìnrìn wà, ìlú tí ọjà rẹ̀ lókìkí láyé àtijọ́. Orí ọ̀sà ni àwọn oníṣòwò láti Èkó ń gbà débẹ̀, orí ilẹ̀ sì ni àwọn ará òkè Ìjẹ̀bú ń gbà. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Àwọn atukọ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé bí ẹ̀fúùfù bá ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn nígbà àlọ, tí ó sì ń kọlù ú níwájú nígbà àbọ̀, àlọ yóò yá ju àbọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kan náà ni wọ́n tukọ̀ lé lórí.

Nípa báyìí, ọmọ náà ti ní ìmọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́: ìjìnnà yàtọ̀ sí àkókò, ìlà tààrà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà, àlọ sì lè yàtọ̀ sí àbọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Àgbówà kò tíì kọ́ ọ. Aago Àgbówà àti aago Ìkẹjà kò yàtọ̀ síra, nítorí náà kò sí ìgbà kankan tí ó ní láti bi ara rẹ̀ léèrè pé aago ta ni òun ń kà.

3.0 Ìjìnnà lórí Ayé Róbótó

Ayé rí róbótó bí ọsàn. Kí àwọn onímọ̀ lè sọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà gan-an, wọ́n fa oríṣi ìlà méjì lé e lórí. Ìlà ìdábùú ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, ní ìhà àríwá tàbí gúúsù. Ìlà òòró ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà tí ó gba Greenwich kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Dígírì ni wọ́n fi ń wọn méjèèjì.

Pápákọ̀ òfurufú Èkó wà ní nǹkan bí dígírì 6½ sí àríwá agbedeméjì ayé. Pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí dígírì 51½ sí àríwá. Ní ti ìlà òòró, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò tó dígírì 4. Ìyẹn ni pé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè Èkó gan-an lórí máàpù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìyọkúrò lásán mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó: 51½ − 6½ = 45. Òbírí kan ní dígírì 360. 45 sì jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ rẹ̀. Ìwọ̀n àyíká ayé jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Bí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìpín kan yóò jẹ́ 5,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 máìlì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Èkó.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìdí tí nọ́ńbà 40,000 yìí fi dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1791, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé pinnu pé kí gígùn mítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìjìnnà láti òpin àríwá ayé dé agbedeméjì rẹ̀. Ìjìnnà yẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká ayé. Láti inú ìwọ̀n ayé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ mítà jáde.

Ti New York kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó jìnnà sí Èkó ní ìhà àríwá àti ní ìhà ìwọ̀-oòrùn pa pọ̀. Ó wà ní nǹkan bí dígírì 40½ sí àríwá, ìyàtọ̀ ìlà òòró òun àti Èkó sì tó dígírì 77. Ìṣirò ìjìnnà wọn kọjá ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè fi òwú wọ̀n ọ́n lórí bọ́ọ̀lù ayé. Bí wọ́n bá fa òwú le dan-in dan-in láti Èkó dé New York, ohun tí wọn yóò rí kò ní jìnnà sí 8,440 kìlómítà, nǹkan bí 5,250 máìlì. Òwú tí ó le yìí ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n fi rúlà fà lórí máàpù pẹlẹbẹ tí ó wọ́pọ̀ lára ògiri kíláàsì, ohun tí ó lé ní 100 kìlómítà ni yóò fi kún ìrìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ipa ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú fi máa ń tẹ̀ bí ọrun lórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé lórí bọ́ọ̀lù ayé òun ni ó tọ́.

4.0 Ọ̀rọ̀ Aago

Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí wọ́n bá fi 24 pín dígírì 360, yóò ku 15 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìlú tí ó bá fi dígírì 15 wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú mìíràn yóò rí oòrùn ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ dígírì 77 láàrin Èkó àti New York jẹ́ wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ti oòrùn.

Ìjọba kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pinnu aago tí ará ìlú yóò máa lò. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ̀nà títí di ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà. Nítorí náà, nínú oṣù Agẹmọ, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó ń lọ ní déédéé. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ti Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. New York náà máa ń sún aago. Wákàtí mẹ́fà ni ó fi wà lẹ́yìn Èkó nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, márùn-ún sì ni nínú oṣù Agẹmọ.

Pẹ̀lú ìmọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe láti padà sí ìbéèrè tí ó wà nínú ìfáàrà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ gbogbo aago di aago Nàìjíríà:

Lọ́ńdọ̀nù: 15:30 + wákàtí 1 = 16:30. Ìyọkúrò: 16:30 − 10:00 = wákàtí 6½.

New York: 15:30 + wákàtí 6 = 21:30. Ìyọkúrò: 21:30 − 10:00 = wákàtí 11½.

Ẹni tí ó lọ sí New York lo wákàtí márùn-ún ju ẹni tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ti lù ní Àgbówà, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sì ti ń sùn. Irú iye wákàtí tí àpẹẹrẹ yìí lò kò jìnnà sí èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń kọ sínú ìwé ìrìn-àjò.

5.0 Àlọ àti Àbọ̀

Àjò kò dùn kí onílé má re ilé. Kí ọkọ̀ kan náà wá gbéra láti New York ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kí ó sì balẹ̀ sí Èkó ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyọkúrò lásán yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí 16½. Bí ó bá gbé e ka ẹ̀gbẹ́ wákàtí 5½ tí ó kọ́kọ́ rí fún àlọ, yóò rò pé àbọ̀ gùn ní ìlọ́po mẹ́ta àlọ. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ààbọ̀ New York jẹ́ aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ Nàìjíríà, láti ìgbà náà sì di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ jẹ́ wákàtí 10½. Àbọ̀ ni ó yá, àlọ ni ó pẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí olùkọ́ lè fi yẹ ìṣirò yìí wò. Kí ó ro iye wákàtí àlọ àti ti àbọ̀ tí kò tọ̀nà pọ̀: 5½ + 16½ = 22. Kí ó ro èyí tí ó tọ̀nà pọ̀: 11½ + 10½ = 22. Àròpọ̀ méjèèjì dọ́gba, nítorí pé wákàtí mẹ́fà tí aago jí gbé nígbà àlọ ni ó dá padà nígbà àbọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ aago, tí ó bá ṣá ti mọ aago àlọ àti àbọ̀, yóò lè rí i pé ìrìn kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí wákàtí 11.

Kí ni ó wá fa wákàtí kan tí ó wà láàrin 11½ àti 10½? Ẹ̀fúùfù ni. Ní òkè ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà mẹ́sàn-án sí méjìlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń fò sí, ẹ̀fúùfù líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní ìhà àríwá ayé. Ó ń kọlu ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Amẹ́ríkà níwájú, ó sì ń ti èyí tí ó ń bọ̀ wálé lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ti atukọ̀ orí ọ̀sà. Ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé gúúsù sí àríwá ni ó ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀fúùfù náà ti ń kan ọkọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé yíyí tí ayé ń yí ni ó ń gbé ìlú sún mọ́ ọkọ̀ tàbí sá fún un. Kí olùkọ́ má ṣe gba èyí láàyè. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń fò nínú rẹ̀ ń bá ayé yí pọ̀ ni. Ẹni tí ó ń rìn láti iwájú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ̀ pé ìṣísẹ̀ kan náà ni yóò gbé lọ àti bọ̀, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ náà ń lọ tàbí ó dúró.

6.0 Ìdí tí Ìṣirò àti Ìṣe fi Yàtọ̀

Ọkọ̀ òfurufú ńlá ń sáré tó nǹkan bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti dé òkè. Bí wọ́n bá fi 900 pín 5,000, ìdáhùn jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 33. Síbẹ̀, wákàtí 6½ ni àpẹẹrẹ yìí lò. Níbo ni nǹkan bí wákàtí kan tí ó kù lọ?

Àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò níbi ìgúnlẹ̀ rẹ̀ ní Èkó títí di ìgbà tí ó bá gúnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kà sínú ìwé ìrìn-àjò. Rírìn lórí ilẹ̀ àti dídúró de àyè wà nínú rẹ̀. Èkejì, eré rẹ̀ kò tó 900 nígbà tí ó ń gòkè àti nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ojú òfurufú náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, èyí kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìlà tààrà.

Ìjọba lè ti ọ̀nà náà pa bí wọ́n ṣe ń ti ti ilẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún ọdún 2023, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà. Nítorí pé Niger wà ní àríwá Nàìjíríà, lójú ọ̀nà Yúróòpù, àwọn ọkọ̀ ní láti yà gba ibòmíràn, ìrìn wọn sì pẹ́ sí i. Lọ́ńdọ̀nù kò tìtorí èyí jìnnà sí Èkó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìtàn náà fi èyí hàn. Ọkọ̀ ojú omi Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó ń ná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Èkó láti ọdún 1951 títí di 1974, máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá lójú omi. Ó ní láti yí etí ilẹ̀ Áfíríkà po. Ìlú kan náà ni ọkọ̀ òfurufú ń fi wákàtí díẹ̀ dé lónìí.

7.0 Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Kọ́ Ọ

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni ó tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ lo bọ́ọ̀lù ayé àti òwú láti wọn ìjìnnà. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù ayé, bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí yóò ṣe é. Òwú tí ó yí bọ́ọ̀lù po lẹ́ẹ̀kan dúró fún 40,000 kìlómítà. Bí wọ́n bá ká a sí mẹ́jọ, ìdá kan yóò kárí Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi páálí gé ojú aago mẹ́ta, kí wọ́n kọ Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti New York sára wọn. Kí wọ́n tó ṣe ìyọkúrò èyíkéyìí, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan: aago ibo ni èyí?

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi àkókò pín ìjìnnà láti mọ̀ bóyá ìdáhùn wọn bọ́gbọ́n mu. 5,000 ÷ 6½ jẹ́ nǹkan bí 770 kìlómítà ní wákàtí kan. 8,440 ÷ 11, tí í ṣe ìdajì àròpọ̀ àlọ àti àbọ̀, kò sì jìnnà sí 770 náà. Èyí bójú mu, nítorí pé irú ọkọ̀ kan náà ni ó ń ná ọ̀nà méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi wákàtí 5½ tí kò tọ̀nà pín 8,440, yóò rí ohun tí ó lé ní 1,500 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tí ń kó èrò láti Èkó lọ sí New York kì í sá irú eré bẹ́ẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ yóò rí i pé àṣìṣe wà, kò sì ní dúró de bírò pupa.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Ìjìnnà láàrin pápákọ̀ òfurufú méjì kì í yí padà. Àkókò ìrìn lè yí padà nítorí ẹ̀fúùfù, ọ̀nà àti ìṣèlú. Aago ní tirẹ̀ jẹ́ àdéhùn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe, òun ni ó sì ń tan ẹni tí kò bá fura jẹ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí inú kíláàsì. Ìyá kan ní Àgbówà tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti New York nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é pé ọkọ̀ ti gbéra ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, tí ó sì fi wákàtí 10½ lé e láìsọ aago di ọ̀kan, aago méjì òru ni yóò rò pé ọmọ òun yóò balẹ̀. Yóò dájú dé ọ̀nà Ìkòròdú nínú òkùnkùn, yóò sì jókòó wákàtí mẹ́fà ní pápákọ̀. Bí ó bá mọ̀ pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni, yóò sùn, yóò gbéra ní aago márùn-ún nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò sì bá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ilé náà ni ó yẹ kí ó lè bá a ṣírò rẹ̀, ní èdè tí ìyá náà gbọ́.